Nígbà Tí Awọ Ọmọ Tuntun Bá Ń Bó

Ẹ̀yin ìyá ọlọ́mọ, ẹ̀yin ìyá àgbà tí ẹ ń lọ wẹ ọmọ fún ọmọ yín, ẹ̀yin agbẹ̀bí àti ẹ̀yin nọ́ọ̀sì, ẹ̀yin ni mo dìídì wá bá sọ̀rọ̀ lónìí. Ẹ̀yin bàbá náà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jókòó tì wá, ọ̀rọ̀ náà kàn yín dé inú ẹ̀jẹ̀.

Àìsàn awọ ara kan wà tí wọ́n máa ń bí mọ́ ọmọ. Kò wọ́pọ̀. Nígbà tí wọ́n ṣàkọsílẹ̀ rẹ̀ ní Amẹ́ríkà láàárín ọdún 1986 sí 2002, bí ọmọ 20 ni wọ́n rí nínú mílíọ̀nù kan ọmọ tí wọ́n bí láàyè. Epidermolysis bullosa ni àwọn dókítà ń pè é. Dókítà ará Jámánì kan, Heinrich Köbner, ló fún un lórúkọ náà ní 1886. Ẹ jẹ́ kí á gé e kúrú, ká máa pè é ní EB, bí wọ́n ti ń pè é nílé ìwòsàn.

Ọmọ tó ní EB, awọ ara rẹ̀ kì í di ara mú. Bí ọwọ́ bá ha á díẹ̀, bí etí aṣọ bá ń lọ bọ̀ lọ́rùn rẹ̀, ojú ibẹ̀ á lé róró, omi á gba abẹ́ awọ, ìléròrò náà á bẹ́, awọ á bó, á wá ku egbò pupa. Òmíràn á ti inú oyún wá tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kan kò ní awọ láti orúnkún dé àtẹ́lẹsẹ̀. Òmíràn ẹ̀wẹ̀, ara rẹ̀ á jọ̀lọ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n bí i, ẹnikẹ́ni kò ní fura, àfìgbà tí wọ́n bá wẹ̀ ẹ́.

Ìwẹ̀ yẹn ni mo fẹ́ kí á dúró lé lórí díẹ̀. Gbogbo wa la mọ bí a ṣe ń wẹ ọmọ tuntun nílẹ̀ wa. Ìyá àgbà á jókòó lórí àpótí, á na ẹsẹ̀ méjèèjì, á tẹ́ ọmọ sórí ojúgun rẹ̀. Omi ti lọ́ wọ́ọ́rọ́. Á fi kànìnkànìn ho ọṣẹ dúdú, á fi fọ gbogbo ọ̀rá tí ọmọ bá wáyé kúrò lára rẹ̀, abíyá, ọrùn, àárín itan, kí ara ọmọ má baà máa rùn tó bá dàgbà. Lẹ́yìn náà á fi òrí tàbí àdín pa á lára, á tẹ orí, á na apá, á na ẹsẹ̀, á di ọmọ mú lọ́rùn ọwọ́ méjèèjì, á gbé e sókè, á mì ín, á jù ú sókè kí ẹ̀rù má baà máa bà á. Ìfẹ́ ló kún inú ìwẹ̀ yẹn látòkè délẹ̀. Ọmọ tí awọ rẹ̀ pé ń gbà á, oorun àsùnwọra ló sì máa ń sùn lẹ́yìn rẹ̀. Ṣùgbọ́n ọmọ EB kò lè gba ẹyọ kan nínú rẹ̀. Ibi tí kànìnkànìn bá gbà ni awọ á bá lọ. Ibi tí ìyá àgbà ti di ọrùn ọwọ́ rẹ̀ mú, ojú ìka kọ̀ọ̀kan á ti lé róró síbẹ̀ kí ilẹ̀ tó ṣú.

Ibẹ̀ ni ìjà ti máa ń bẹ̀rẹ̀. Wọ́n á ní omi ìyá àgbà ló gbóná jù. Wọ́n á ní nọ́ọ̀sì ló fi nǹkan jó ọmọ ní yàrá ìgbẹ̀bí. Ará ilé ọkọ á ní kí ìyàwó jẹ́wọ́ ohun tó jẹ nígbà tó wà nínú oyún, tàbí ibi tó gbà kọjá lọ́sàn-án gangan. Àwọn mìíràn á ní Ṣọ̀pọ̀ná ni, wọ́n á sì gbé ọmọ pamọ́ sínú ìyẹ̀wù. Nílé ìwòsàn pàápàá, ẹni tí kò rí EB rí lè rò pé ńṣe ni wọ́n da omi gbígbóná sí ọmọ lára. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ gbangba lórí afẹ́fẹ́: ìyá ọmọ kò ṣẹ̀, ìyá àgbà kò ṣẹ̀, kò sì sí ẹni tó fi ránṣẹ́ sí ọmọ. Kì í ràn. Ẹni tó bá gbé ọmọ náà mọ́ra kò ní kó o. Ọmọ náà jogún rẹ̀ ni.

Awọ ara ènìyàn ní ìpele. Ẹ wo agbádá tí télọ̀ fi aṣọ mìíràn tẹ́ nínú. Okùn ló so aṣọ òde mọ́ ti inú. Bí okùn yẹn bá já, tàbí tí télọ̀ kò rán an rárá, ẹ fà á díẹ̀, aṣọ òde á máa yọ̀ lórí ti inú. Bẹ́ẹ̀ náà ni awọ òkè àti awọ ìsàlẹ̀ lára wa: àwọn èròjà purotéènì kan ló so wọ́n pọ̀. Jíìnì tí ọmọ gbà lọ́wọ́ òbí ló ń darí bí ara ṣe ń ṣe àwọn èròjà náà. Tí àṣìṣe bá wà nínú jíìnì, ara á ṣe èyí tí kò lágbára, tàbí kó má ṣe é rárá.

Ibi tí awọ ti là ló ń sọ irú EB tí ọmọ ní. Tó bá jẹ́ inú awọ òkè fúnra rẹ̀, níbi tí èròjà keratin wà, simplex ni wọ́n ń pè é. Òun ló wọ́pọ̀ jù. Ọwọ́ àti àtẹ́lẹsẹ̀ ló sábà máa ń bá jà, ooru a sì máa mú un le sí i, ṣùgbọ́n egbò rẹ̀ kì í sábà fi àpá sílẹ̀. Tó bá jẹ́ ojú ìsopọ̀ gan-an, junctional ni. Èyí tó le jù nínú irú yìí, ọ̀pọ̀ ọmọ tó ní in kì í pé ọdún méjì láyé. Ó dùn mí láti sọ ọ́, ṣùgbọ́n òbí ní ẹ̀tọ́ láti mọ̀. Tó bá jẹ́ nísàlẹ̀ ojú ìsopọ̀, níbi tí èròjà collagen keje ti ń ṣiṣẹ́, dystrophic ni. Ìyẹn ló ń fi àpá sílẹ̀. Èékánná á re, ìka ọwọ́ á máa lẹ̀ mọ́ra wọn títí ọwọ́ á fi ká kò, ọ̀nà ọ̀fun á máa fún. Nínú èyí tó le nínú rẹ̀, jẹjẹrẹ awọ ara lè yọ láti inú egbò tí kò jiná fún ọdún gbọọrọ, nígbà tí ọmọ bá ti di géńdé. Ẹ̀kẹrin wà tí wọ́n ń pè ní Kindler, ó ṣọ̀wọ́n ju àwọn tó kù lọ.

Ẹ̀yin bàbá, ibi tí ọ̀rọ̀ yín ti wọlé nìyí. Gbogbo wa la mọ ọ̀rọ̀ AS àti SS. Bí bàbá bá jẹ́ AS, tí ìyá jẹ́ AS, ara àwọn méjèèjì á le koko, síbẹ̀ wọ́n lè bí SS. Ọ̀nà kan náà ni ọ̀pọ̀ EB tó le ń gbà: bàbá gbé jíìnì kan tó ní àṣìṣe, ìyá gbé òmíràn, nǹkan kan kò ṣe wọ́n, ọmọ wá gba méjèèjì. Nínú oyún kọ̀ọ̀kan, ìdá kan nínú mẹ́rin ni ó ṣeé ṣe kó rí bẹ́ẹ̀. Nítorí náà, ọkọ tó bá ń sọ pé kò sí irú rẹ̀ nílé àwọn, òótọ́ lè ni, síbẹ̀ ìdajì ohun tó fa àìsàn náà ti ọ̀dọ̀ rẹ̀ wá. Irú mìíràn wà, èyí tó pọ̀ jù nínú simplex, tó jẹ́ pé jíìnì kan ṣoṣo tó o: òbí tó ní in, ìdá kan nínú méjì ni pé kí ọmọ tó bá bí gbà á. Ó sì ń ṣẹlẹ̀ pé kí àṣìṣe náà bẹ̀rẹ̀ lára ọmọ fúnra rẹ̀, kí bàbá àti ìyá má gbé e rárá. Genotype tí ẹ lọ ṣe kí ẹ tó ṣègbéyàwó kì í wo EB o. Ẹ má rò pé ìwé yẹn ti sọ gbogbo rẹ̀.

Báwo ni dókítà ṣe ń dá a mọ̀? Kì í ṣe gbogbo ìléròrò ara ọmọ tuntun ni EB. Èyí tí kì í ṣe EB ló pọ̀ jù. Bakitéríà kan wà tó ń mú awọ ọmọ bó bí ẹni tí iná jó. Oògùn ń wò ó, ṣùgbọ́n tí wọn kò bá tètè fún un, ó lè pa ọmọ. Sífílíìsì tí ìyá kó ran ọmọ nínú oyún náà ń yọ ìléròrò, àtẹ́lẹwọ́ àti àtẹ́lẹsẹ̀ ló sì sábà máa ń yọ sí. Kòkòrò herpes náà wà níbẹ̀. Ìdí tí mo fi ń bẹ̀ yín nìyí pé kí ẹ má jókòó sílé máa ka ọjọ́: ọmọ tuntun tí ara rẹ̀ bá ń lé róró, ọjọ́ yẹn gan-an ni kí ẹ gbé e lọ sílé ìwòsàn. Dókítà á bèèrè ìtàn ìdílé, á yẹ inú ẹnu rẹ̀ wò, á wo èékánná, á wo gbogbo ibi tí aṣọ ti ń ha á. Á kọ́kọ́ wá àwọn àìsàn tí kòkòrò ń fà. Tí EB bá ṣì wà lọ́kàn rẹ̀, kó fi yín ránṣẹ́ sí dókítà awọ ara. Wọ́n wà ní UCH n'Íbàdàn, ní LUTH ní Ìdí-Àràbà, ní ilé ìwòsàn Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ní Ifẹ̀, àti ní àwọn ilé ìwòsàn ńlá mìíràn.

Dókítà awọ ara lè gé awọ bíńtín fún àyẹ̀wò, lẹ́yìn tó bá ti fún ọmọ ní abẹ́rẹ́ tí kò ní jẹ́ kó dùn ún. Kì í ṣe egbò àtijọ́ ni wọ́n ń gé. Ìléròrò tó ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ ni wọ́n ń wá, nígbà mìíràn wọ́n á tiẹ̀ rọra ra awọ kan kó lè là níṣojú wọn, torí ìyẹn ló ń fi hàn kedere. Nílé àyẹ̀wò, wọ́n á fi èròjà tó ń tàn yanran kun awọ náà, wọ́n á wò ó lábẹ́ maikirosikóòpù, wọ́n á rí ìpele tó ti là àti purotéènì tó yẹ kó wà níbẹ̀ tí kò sí. Àyẹ̀wò jíìnì, tí wọ́n ń fi ẹ̀jẹ̀ tàbí itọ́ ṣe, ló ń wá sọ ibi tí àṣìṣe wà gan-an. Ó lówó lórí, èsì rẹ̀ sì lè pẹ́. Ẹ má dúró dè é kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ ìtọ́jú.

Ìtọ́jú yìí ni mo fẹ́ kí ẹ fetí sí jù, torí ọwọ́ àwọn ará ilé ló wà. Ohun àkọ́kọ́ ni pé awọ ọmọ EB lè gba kí a rọra tẹ̀ ẹ́. Kí a ra á ni kò lè gbà. Tí ẹ bá di èyí mú, ẹ ti mọ púpọ̀. Ẹ má ki ọwọ́ bọ ọmọ lábíyá fà á sókè. Ẹ tẹ́ ẹ sórí aṣọ rírọ̀ tó nípọn, ẹ ti ọwọ́ kan bọ abẹ́ ìdí rẹ̀, èkejì sí abẹ́ orí àti ọrùn, kí ẹ gbé e tọmọ-taṣọ. Ọ̀já kò yẹ ẹ́, ẹ̀yìn kì í ṣe ibùsùn rẹ̀. Ẹ bọ́ ìlẹ̀kẹ̀ ìdí, ẹ bọ́ ti ọrùn àti ti ọwọ́. Etí lílu, ẹ gbàgbé rẹ̀. Dídábẹ́ fún ọmọkùnrin, ẹ dá a dúró títí dókítà awọ ara yóò fi bá yín sọ̀rọ̀. Lọ́jọ́ ìkómọ, ẹ má jẹ́ kí ọmọ máa ti ọwọ́ kan bọ́ sí òmíràn. Bàbá àgbà tó fẹ́ ṣàdúrà fún un, kó na ọwọ́ sí i láti ibi tó jókòó sí.

Ìléròrò ńkọ́? Bí a bá fi í sílẹ̀, omi inú rẹ̀ á máa ti awọ lọ síwájú, torí kò sí ohun tó dì í mú, á sì fẹ̀. Lílu ni a ń lu ú. Kí nọ́ọ̀sì kọ́kọ́ fi hàn yín. Ẹ fọ ọwọ́ yín, ẹ fi abẹ́rẹ́ tuntun tí ẹ rà nílé oògùn lu ú nísàlẹ̀, níbi tí omi ti lè sun jáde, ẹ fi gọ́ọ̀sì mímọ́ tẹ̀ ẹ́ jẹ́jẹ́ títí yóò fi pẹlẹ. Ẹ má bó awọ orí rẹ̀ dànù, kò sí ohun tí ẹ lè fi bò ó tó dáa tó o. Lẹ́yìn náà, ẹ fi gọ́ọ̀sì tí wọ́n ti fi Vaseline rin gbingbin bo ojú egbò, tàbí èyí tí wọ́n fi silikóònù ṣe tí kì í lẹ̀ mọ́ egbò, tí apá yín bá ká a. Ẹ fi bándéèjì rírọ̀ wé e lórí, kí ẹ so etí rẹ̀. Pílásítà kò gbọ́dọ̀ kan ara ọmọ yìí láé: ìgbà tí ẹ bá ń ṣí i, awọ á bá a wá. Ìka ọwọ́ tí egbò bá wà lára wọn, ẹ wé wọn lọ́kọ̀ọ̀kan kí wọ́n má baà lẹ̀ pọ̀. Tí gọ́ọ̀sì bá gan mọ́ egbò, ẹ má fà á. Ẹ fi omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ tí iyọ̀ wà nínú rẹ̀ rin ín, gíráàmù 9 sí lítà omi 1, títí á fi yọ fúnra rẹ̀. Irú omi iyọ̀ yìí náà ni kí ẹ fi máa wẹ̀ ẹ́, láìsí kànìnkànìn, láìsí ọṣẹ líle. Kì í ta egbò bí omi lásán ṣe ń ta á.

Mo mọ ohun tí àwọn aládùúgbò á máa gbé wá: GV, sípíríìtì, omi ọsàn wẹ́wẹ́, epo ẹ́ńjìnnì, àgúnmu. Ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn, kí ẹ má lo ìkankan. Tí egbò bá ń rùn, tó ń ṣe ọyún, tí ara ọmọ gbóná, ilé ìwòsàn ló kàn.

Aṣọ ọmọ, ẹ máa yí i sódì wọ̀ fún un kí ojú rírán má baà ha á, ẹ sì gé lébẹ́ẹ̀lì ọrùn rẹ̀ kúrò. Páńpásì, ẹ tẹ́ aṣọ rírọ̀ sínú rẹ̀ níbi tí rọ́bà ti ń mú itan. Ibi tí afẹ́fẹ́ wà ni kí ẹ máa tẹ́ ẹ sí. Ó lè mu ọmú. Ẹ fi Vaseline pa ètè rẹ̀ àti orí ọmú kí ó tó mu ún. Ìgbà tó bá ń jẹun, ẹnu òun ọ̀nà ọ̀fun náà ń bó bí awọ òde, nítorí náà gúgúrú, ìpékeré àti ẹran líle kọ́ ni tirẹ̀. Ògì tí ẹ̀wà sóyà wà nínú rẹ̀, mọ́ínmọ́ín rírọ̀, ẹyin, ẹja tí ẹ ti yọ egungun rẹ̀, kí gbogbo rẹ̀ ti tutù díẹ̀. Ó nílò oúnjẹ ju ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ, torí ojú egbò wọ̀nyẹn ni ẹ̀jẹ̀ àti èròjà ara ń gbà jáde lójoojúmọ́. Àìtó ẹ̀jẹ̀ wọ́pọ̀ láàárín wọn, ìgbẹ́ líle náà wọ́pọ̀.

Ó sì ń dùn wọ́n o. Ọmọ tí ẹ bá ń pààrọ̀ bándéèjì rẹ̀ tó ń ké kò ya aláìgbọràn. Ẹ bèèrè iye parasitámọ́ọ̀lù tó tọ́ sí ìwọ̀n rẹ̀ lọ́wọ́ dókítà, kí ẹ fún un ní bí ìdajì wákàtí ṣáájú. Tí ìyẹn kò bá tó, ẹ padà lọ sọ fún dókítà. Kò sí ìdí tí ọmọ fi gbọ́dọ̀ máa fara da ìrora bẹ́ẹ̀ lójoojúmọ́.

Ṣé ó ní ìwòsàn? Ẹ gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Jámánì. Ní oṣù kẹfà ọdún 2015, wọ́n gbé ọmọkùnrin ọmọ ọdún méje kan, tí ìdílé rẹ̀ sá kúrò ní Síríà, wá sílé ìwòsàn ní ìlú Bochum. Junctional ni tirẹ̀. Kòkòrò ti wọ egbò rẹ̀, awọ sì ń bó títí ó fi lọ bí ìdá 80 nínú ọgọ́rùn-ún. Wọ́n lẹ awọ bàbá rẹ̀ mọ́ ọn, ara rẹ̀ kọ̀ ọ́. Michele De Luca àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Modena ní Ítálì wá gba awọ kékeré kan tí kò tíì bó, ní ìsàlẹ̀ ikùn níbi tí itan ti pàdé ara. Wọ́n fi jíìnì tó péye sínú àwọn sẹ́ẹ̀lì rẹ̀, wọ́n mú wọn dàgbà di awọ tó tó bò ó, àwọn dókítà Bochum sì lẹ̀ ẹ́ mọ́ ọn láti oṣù kẹwàá títí wọ inú oṣù kìíní ọdún 2016. Nígbà tí ìwé ìròyìn Nature gbé e jáde ní oṣù kọkànlá ọdún 2017, ọmọ náà ti ń lọ sílé ìwé, ó sì ń gbá bọ́ọ̀lù.

Láti ìgbà náà, oògùn ti ń jáde. Ní oṣù karùn-ún ọdún 2023, àjọ FDA Amẹ́ríkà fọwọ́ sí Vyjuvek fún dystrophic, bẹ̀rẹ̀ láti ọmọ oṣù mẹ́fà. Jẹ́ẹ̀lì ni, ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀ ni wọ́n ń kán an sójú egbò. Kòkòrò herpes tí wọ́n ti gba agbára àìsàn lọ́wọ́ rẹ̀ ló ń gbé jíìnì collagen keje wọ inú awọ. Nínú ìdánwò tí wọ́n fi ènìyàn 31 ṣe, ìdá 67 nínú ọgọ́rùn-ún egbò tí wọ́n kán an sí ló jiná pátápátá ní oṣù mẹ́fà; ìdá 22 ni ti èyí tí wọ́n kán jẹ́ẹ̀lì lásán sí. Filsuvez náà wà, tí wọ́n fi èèpo igi birch ṣe. Yúróòpù fọwọ́ sí i ní 2022, Amẹ́ríkà ní 2023. Ní oṣù kẹrin ọdún 2025, Amẹ́ríkà fọwọ́ sí Zevaskyn, awọ aláìsàn fúnra rẹ̀ tí wọ́n tún jíìnì rẹ̀ ṣe fún dystrophic tó le. Ìkankan nínú wọn kò tíì mú EB kúrò lára pátápátá, owó wọn sì ju ohun tí ìdílé kan lè dá san lọ. Ẹni tó bá wá sọ fún yín pé òun ní oògùn EB nínú kẹ́ẹ̀gì, ẹ má ta ilẹ̀ nítorí rẹ̀. Ohun tí mo máa bẹ ìjọba fún lónìí kò tó Vyjuvek: kí ètò adójútòfò ìlera máa san owó gọ́ọ̀sì àti bándéèjì fún àwọn ọmọ wọ̀nyí, torí ojoojúmọ́ ni wọ́n ń lò ó, ibẹ̀ ni owó àwọn òbí ń tán sí.

Ẹ̀yin tí ẹ ń gbọ́ wa láti Ìlú Ọba, ẹ ní àǹfààní kan tí ẹ gbọ́dọ̀ lò. NHS ní ibùdó EB fún àwọn ọmọdé ní ilé ìwòsàn Great Ormond Street ní Lọ́ńdọ̀nù àti ní ilé ìwòsàn ọmọdé Birmingham. Ẹ ní kí dókítà yín fi yín ránṣẹ́. Ẹgbẹ́ DEBRA náà wà níbẹ̀, tí Phyllis Hilton dá sílẹ̀ ní 1978, ó fi orúkọ ọmọ rẹ̀ obìnrin tó ní EB pè é.

Ẹ̀yin tí ẹ ti bí ọmọ EB kan, tí ẹ fẹ́ bí òmíràn, ẹ jọ lọ rí dókítà, tọkọtaya, kí oyún tó dé. Kí ẹ sì ní kí dókítà kọ ìwé kan fún yín, tí ẹ ó máa mú lọ sí ilé ìwòsàn èyíkéyìí tí ẹ bá gbé ọmọ lọ: ọmọ yìí ní EB, ẹ má lẹ pílásítà mọ́ ọn, tí ẹ bá fẹ́ gba ẹ̀jẹ̀ tàbí fún un lómi, ẹ fi aṣọ rírọ̀ wé apá rẹ̀ kí ẹ tó so ó, bándéèjì ni kí ẹ fi di abẹ́rẹ́ náà mú, ẹ má nu ojú ibẹ̀ lọ nù ún bọ̀, ẹ fi òwú tẹ̀ ẹ́ ni. Ẹ ṣe ẹ̀dà rẹ̀ méjì. Ẹ fi ọ̀kan sínú báàgì ọmọ, kí ẹ fún olùkọ́ rẹ̀ ní ìkejì lọ́jọ́ tó bá bẹ̀rẹ̀ ilé ìwé.